LẸ́YÌN FÌDÁÙ, TA NI Ó KÙ LỌ́DỌ̀ ỌLỌ́FỌ̀?

 

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́dún yìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ni.

Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí ẹkún. Àwọn àgbà inú wa kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1980, tí omi gbé ènìyàn àti ilé lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Jánúárì ọdún 2024, ohun abúgbàù dún ní Bódìjà. Ó gba ẹ̀mí, ó fọ́ ilé, ó sì ju ènìyàn 70 lọ tí ó fara pa. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 18 oṣù Dìsẹ́ńbà, àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ síbi àríyá òpin ọdún ní ọgbà Islamic High School ní Baṣọ̀run. Èrò pọ̀ jù, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọdé 35 ni ó kú. Gbogbo ìlú ló sunkún. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ìlú dákẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ ti kú kò tíì dákẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a yé bá ọlọ́fọ̀ wí nítorí ẹkún. A máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé, “Má sunkún mọ́, mùsùlùmí ni ọ́, gba kádàrá.” Òtítọ́ ni kádàrá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbúràhímù, ọmọ Ànábì wa, kú ní kékeré, Ànábì sunkún, ó sì ṣàlàyé pé àánú ni. Ànábì Yàkúbù sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, síbẹ̀ Ọlọ́run kò yọ ọ́ kúrò nínú àwọn onísùúrù. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kí a máa fa aṣọ ya, kí a máa lu ara, kí a máa sọ̀rọ̀ àìdáa sí Ọlọ́run. Omi ojú kò sí nínú rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nígbà tí ìròyìn ikú Jáfárù, ọmọ Abu Tọ́líbì, dé Mẹdínà láti ojú ogun Múútà, Ànábì pàṣẹ kí wọ́n se oúnjẹ fún àwọn ará ilé rẹ̀, nítorí ohun tí ó dé bá wọn ti gbà wọ́n lọ́kàn. Àwa ti yí i padà. Láti Agbówó dé Challenge, ọlọ́fọ̀ ni ó ń se oúnjẹ fún wa. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ó ti ń wá owó màlúù, owó àga àti kánópì, owó aṣọ ẹbí. Àwa àlùfáà náà wà níbẹ̀, a ń jẹ, a sì ń gba sàráà. A kò lè yọ ara wa sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ká kánópì, gbogbo wa lọ. Gbèsè nìkan ni ó jókòó ti opó.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí bàbá rẹ̀ kú. A lọ síbi fìdáù, a ṣe àdúrà, a jẹun. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, kì í sì í kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. A nà án. Ó gba ẹgba náà, kò sọ nǹkan kan. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀kọ láràárọ̀ kí ó tó wá, àti pé bàbá rẹ̀ ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé náà. Kò fẹ́ kí ìwé náà tán. Àwa tí a jẹ ẹran fìdáù bàbá rẹ̀ náà ni a na ọmọ.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé, “Ṣé kí a wá ṣe òkú wa bí òkú ẹni tí kò lẹ́nìkan?” Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Fìdáù ń kó ẹbí tí ó ti túká jọ, àdúrà fún òkú sì dára. A kò ní kí a má ṣe àdúrà. Ohun tí a wí ni pé àdúrà kò bèèrè màlúù.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ṣòro. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí aládùúgbò gbé oúnjẹ lọ. Opó tí ó wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀, kí ẹnìkan máa bá a lọ sọ́jà. Owó màlúù, kí a fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn. Kí olùkọ́ kọ orúkọ ọmọ tí òbí rẹ̀ kú sílẹ̀, kí ó béèrè àlàáfíà rẹ̀ ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà, àti nígbà tí ọdún bá yí po. Kí a sì máa dárúkọ òkú fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwa ni a ń sá fún orúkọ náà, àwọn kò sá fún un.

A bẹ ọmọbìnrin náà, a sì bẹ ìyá rẹ̀. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ti àkọ́kọ́ wà nílé, ojú ewé rẹ̀ kò tán.

Kí Ọlọ́run forí jin àwọn òkú wa, kí Ó tu àwọn ọlọ́fọ̀ nínú, kí Ó jẹ́ kí ó jìnnà síra. Àmín.