Píkọ́ọ̀pù Tí A Rẹ̀ Sílẹ̀: Ta Ni Yóò San Owó Ìbàjẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa ní Adó-Èkìtì, ó sì tó àkókò kí á sọ èrò tiwa sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn tí ń rẹ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ sílẹ̀, kí ó lè máa rìn bí ẹni pé ikùn rẹ̀ fẹ́ kan ọ̀dà.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí oge. Peugeot 504 tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní 1975, kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ló kó iṣu, pákó àti sìmẹ́ǹtì wọ ìlú wa. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún, tí ó kùn ún tí ó ń dán, kò ṣẹ̀ wá. Ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Mẹ́síkò ti ń ṣe oge yìí láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Àpò yanrìn ni àwọn mìíràn ń dì sẹ́yìn ọkọ̀ kí ó lè wálẹ̀. Ìjọba Kalifóníà ṣòfin ní 1958 pé ara ọkọ̀ kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ríìmù lọ. Ní 1959, Ron Aguirre so ẹ̀rọ tí ń fi agbára ọ́ìlì gbé ọkọ̀ mọ́ mọ́tò tirẹ̀: bí ọlọ́pàá bá yọ, a gbé e sókè, bí ó bá lọ, a tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni! Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn tẹ́jú, fàájì ni wọ́n sì ń fi ọkọ̀ náà ṣe.

Tiwa ńkọ́? Ẹni tí ó bá ti Adó gba Ìlawẹ̀, tàbí tí ó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, mọ ohun tí a ń wí. Kòtò ń bẹ, òkúta ń bẹ, àwọn ará àdúgbò sì ti mọ òkìtì sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà sáré pa ọmọ wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Iwájú 504 jókòó lé sípíríìngì tí a wé roboto. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jókòó lé irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn. Àwọn wẹ́dà kan a máa gé ti iwájú, àwọn mìíràn a máa fi iná gáàsì yọ́ ọ títí yóò fi rọ̀. Èyí tí iná mú ti kú, yóò máa wálẹ̀ sí i ni. Èyí tí a gé a máa le gbandi, ẹnu rẹ̀ kì í sì jókòó dáadáa mọ́. Bí táyà bá já sí kòtò, ó lè yẹ̀. Ní ẹ̀yìn, wọn a yọ irin méjì tàbí mẹ́ta. Ìwọ̀nba tó kù ni yóò wá máa gbé ẹrù tí gbogbo wọn ń gbé tẹ́lẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní dandan ni, kí ó ra sípíríìngì kúkúrú tí a dìídì rọ fún irú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú sọ́ọ̀kù tó bá a mu. Ní ẹ̀yìn, bí áàsùlù bá wà lórí irin pẹlẹbẹ, kí ó fi búlọ́ọ̀kù irin sáàárín méjèèjì, pẹ̀lú bóòtù gígùn tuntun. Kì í ṣe pákó o! Kí ó má ju íǹṣì méjì lọ, kí ó sì ṣe aláìmẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà yóò jẹ lápá kan. Kí ó sì gbàgbé ẹrù wíwúwo, nítorí àyè tí áàsùlù fi ń sọ sókè ti dín kù. (Àwọn tí ń fi irin kún irin kí wọ́n lè kó ìlọ́po méjì ẹrù, a kò gbàgbé yín. Ẹ kò fi bíréèkì kún bíréèkì.)

Èyí tó dùn wá jù nìyí: awakọ̀ kọ́ ló ni ọkọ̀. Ọ̀gá ni yóò ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní Sátidé nítorí òde àríyá. Ní Mọ́ńdè, yóò ní kí awakọ̀ fi kó búlọ́ọ̀kù ilé. Súńpù fọ́ lórí òkìtì, ọ́ìlì dà nù, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, wọ́n wá ń gé e díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù awakọ̀. Bí àwọn VIO tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá sì dá ọkọ̀ dúró, awakọ̀ náà ló wà lórí ìjókòó. Ẹjọ́ irú èyí ti dé ọ̀dọ̀ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èrò wa ni pé ọkọ̀ tó bá ń kó ẹrù tàbí ènìyàn, kí ó wà ní gíga tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi í sí. Ọ̀gá tó bá yí i padà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì gba ìnáwó gbogbo ìbàjẹ́ abẹ́ ọkọ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí á rọra, pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. A mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi ìdajì owó rẹ̀ san súńpù olówó, irú iṣẹ́ wo nìyẹn?

Ẹni tí wọ́n bá ti gé owó rẹ̀ nítorí irú ọ̀ràn yìí, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá bá wa, kí ó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gé sípíríìngì náà sí i.