Abẹ́rẹ́ òógùn àtẹ́lẹwọ́: ìrora náà ní oògùn tiẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ní tààrà. Dókítà tó bá fẹ́ gún yín ní abẹ́rẹ́ 40 sí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo, tó wá ní kẹ́ ẹ ṣáà ṣe ọkàn akin, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé. Mímú ìrora náà rọlẹ̀ wà lára ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń làágùn láṣejù ni mò ń sọ. Ní Ìbarà tí mò ń gbé yìí, tí oòrùn bá mú ní Pánsẹ́kẹ́, gbogbo wa la jọ ń làágùn, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí mò ń sọ lè jókòó sábẹ́ fáànù láàárọ̀ kùtùkùtù kí omi máa kán tó-tó-tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìdánwò á rin gbindin, fóònù ò ní dá ìka rẹ̀ mọ̀, ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ á rọra nu tiẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Àwọn kan á ní ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù lè dá kún un lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. Láti kékeré ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí: iṣan ìmọ̀lára tó ń pàṣẹ fún àwọn orísun òógùn kéékèèké abẹ́ awọ ló ń ṣe àṣejù.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀ o. Aluminium chloride wà, tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ gbígbẹ lálẹ́. Iontophoresis náà wà: wọ́n á ki ọwọ́ bọ omi ẹ̀rọ lásán, wọ́n á fi iná mànàmáná tó kéré gan-an la inú omi náà kọjá fún bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú, lọ́pọ̀ ìgbà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná NẸ́PÀ dán an wò nílé.) Tí ìwọ̀nyí ò bá ràn án ló kan Botox.

Láti ara bakitéríà Clostridium botulinum ni wọ́n ti ń rí i. Ó máa ń dènà acetylcholine, kẹ́míkà tí iṣan fi ń rán òógùn níṣẹ́. Ní 2004, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún òógùn abíyá tó pọ̀jù. Ti ọwọ́, ìmọ̀ àti ìrírí àwọn dókítà fúnra wọn ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Àtẹ́lẹwọ́ la fi ń mọ òkúta nínú ẹ̀wà láì wojú ẹ̀, torí pé iṣan ìmọ̀lára pọ̀ níbẹ̀ bámúbámú. Ojú abẹ́rẹ́ á tó 30 sí 50 lọ́wọ́ kan. Ìpara tó ń mú ara kú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, awọ ibẹ̀ ti nípọn jù. Ẹ wá fi èyí kún un: bí oṣù 4 sí 6 ni agbára oògùn náà, lẹ́yìn náà ẹ ó padà wá gbà á. Ẹni tó bá jẹ̀rora dójú ikú lẹ́ẹ̀kíní, ṣé ó máa padà wá? Owó tó ti ná ti wọlé nìyẹn, ọwọ́ á sì tún rin.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni yìnyín. Wọ́n á gbé e lé ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á gún un kíá, wọ́n á sún síwájú. Òmíràn ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ̀n, tí wọ́n á tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀: tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ kọ òkúta (òkúta ò sì wọ́n ní Abẹ́òkúta), kí lẹ kọ́kọ́ ṣe? Ẹ ó fọwọ́ ra ibẹ̀. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé rẹ̀ pé bí ẹnubodè kan ló wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Tí ìmọ̀lára fífọwọ́ra tàbí gbígbọ̀n bá gba ibẹ̀, ìrora ò ní ráyè kọjá tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín náà ń ṣèrànwọ́, tí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kú.

Èyí tó lágbára ju yìnyín lọ ni kí dókítà fi oògùn pa iṣan median àti ulnar lọ́rùn ọwọ́, kí àtẹ́lẹwọ́ kú tipiri kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gba ọwọ́ tó mọṣẹ́, torí iṣan lè fara pa. Èmi ò rò pé ó yẹ ká máa fi pamọ́ fún ẹni tó bá kígbe nìkan.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó na ọwọ́, ẹ béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ máa fi mú ọwọ́ mi kú?" Tí wọ́n bá ní ti ọrùn ọwọ́ ni, ẹ mú ẹnì kan dání, torí ọwọ́ náà lè kú fún wákàtí mélòó kan, ẹ ò sì ní lè wa ọ̀kadà lọ sílé. Àwọn kan máa ń ṣe ọwọ́ kan lónìí, ìkejì lọ́jọ́ mìíràn. Ọwọ́ lè rọ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn Botox, débi pé ọmọrí ìgò á le láti ṣí, nítorí náà tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń jẹun, bíi télọ̀ tàbí aláàdìrẹ, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó gbé abẹ́rẹ́.