Awò Kékeré Tó fún Ojú Ọ̀run Wa

Nígbà tí a mú àbá wá pé kí ẹgbẹ́ wa ra awò ìràwọ̀ kékeré kan, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní télescope, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kpingni lè máa fi ya àwòrán àwọn plánẹ́ẹ̀tì, èsì mẹ́ta ni a gbọ́. Ọ̀kan ní ohun ìṣeré òyìnbó ni. Èkejì ní àwòrán tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta, tó dùn wá jù nítorí ẹnu olùkọ́ ló ti jáde, ní bí a kò bá lè ra ńlá, kí a má ra rárá. Kí ẹ̀yin àgbà foríjì wá: a kò gbà.

Ta ló sọ fún àwọn baba wa pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn? Ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i, tí wọ́n fi ń pè é ní ajá òṣùpá. Ohun tí awò kékeré yóò fi kún un ni pé ajá náà fúnra rẹ̀ a máa lé bí oṣù, a sì máa kún bí oṣù. Galileo rí èyí ní Ítálì ní ọdún 1610, pẹ̀lú awò tí kò dára tó èyí tí à ń bèèrè.

Ti pé kí a ra ńlá tàbí kí a jókòó ńkọ́? Kì í ṣe kíkéré awò ló kọ́kọ́ ń ba àwòrán plánẹ́ẹ̀tì jẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n lókè wa ni, bí ìgbà tí a bá ń wo òkúta ní ìsàlẹ̀ odò tí ń ṣàn. Nítorí náà, a kì í ya àwòrán kan ṣoṣo. Awò tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó milimítà 114, fóònù tí a dè mọ́ ibi tí a ti ń wò ó, fídíò ìṣẹ́jú méjì: àwòrán tó lé ní 3,000 nìyẹn. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí, nítorí Júpítérì ń yí po láàárín wákàtí tí kò pé mẹ́wàá, ojú rẹ̀ yóò sì ti sún. Lẹ́yìn náà, AutoStakkert, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, yóò ṣa àwọn tó mọ́ jù bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, yóò sì tò wọ́n lé ara wọn di ọ̀kan. Òrùka Sátúrnù yóò hàn, àmùrè dúdú méjì Júpítérì yóò hàn. Kò ní dà bí ti Hubble. A kò sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan sì wà tí olówó Parísì kò lè rà. Bí a bá ka etí ilẹ̀ sí òdo, tí a ka àtàrí sí 90, Sátúrnù kò ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 19 lọ lójú ọ̀run wọn ní ọdún 2018. Ó ń rá pálá lórí òrùlé nínú afẹ́fẹ́ tó nípọn. Lókè Kpingni, ó ga tó nǹkan bí 60, nítorí a kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Àwọn òkè wa nìkan ni kí a ṣọ́ra fún: àpáta tó ti yá oòrùn látàárọ̀ a máa tú ooru jáde lálẹ́, plánẹ́ẹ̀tì a sì máa jó nínú awò. Kí a jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè, tàbí kí a dúró di ẹ̀yìn ọ̀gànjọ́.

Ní ti àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì, Júpítérì àná kọ́ ni tòní. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Christopher Go, tí kì í fi ìmọ̀ ìràwọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, ló rí i láti ìlú Cebu ní Filipíìnì pé àbàwọ́n funfun kan lára Júpítérì ti di pupa. Awò tirẹ̀ tóbi ju èyí tí à ń wí lọ, òótọ́ ni. Nítòsí wa ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn onímọ̀ NASA kó awò wá sí Sẹ̀nẹ̀gàl láti wo bí Arrokoth, ohun kékeré kan tó jìnnà ju Nẹ́ptúnù lọ, yóò ti kọjá níwájú ìràwọ̀. Inú pápá ni wọ́n to awò wọn sí, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl sì wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú wọn, Maram Kaire, ààrẹ ẹgbẹ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ibẹ̀, láàárín wọn. Bí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé Kpingni, ta ni nínú àwọn ọmọ wa tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan awò rí?

Owó tí à ń bèèrè kò tó èyí tí a ná lórí àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún àjọ̀dún wa tó kọjá. A ó tún mú àbá náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ti rí awò kan yá fún alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹni tó bá ní fóònù má ṣe tètè lọ sílé.