Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Béèrè Ọ̀nà Igbó

Ní ọdún 1938 ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, mú ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde láti ilé ìtẹ̀wé C.M.S. Láti ìgbà náà, ọmọ ilé-ìwé tí ó ti kọjá níwájú ìwé náà kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni a jẹ́ kí ó wọ inú igbó náà ní tòótọ́?

Ẹ wo ọmọ kan ní Igbó-Ọrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé náà. Kò ì tí ì ka ojú-ewé mẹ́ta tí ìbéèrè fi kún ẹnu rẹ̀: "Èé ṣe tí òǹkọ̀wé fi kọ́kọ́ ń pè wá sí eré? Bí Àkàrà-Ògùn bá ni ó ni ìtàn, tí ẹlòmíràn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ohùn ta ni mo ń gbọ́? Báwo sì ni ọmọ àjẹ́ ṣe di akọni?" Ó jẹ́wọ́ pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ ń gun orí ọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ sú òun.

Kí ni olùkọ́ rẹ̀ fi dá a lóhùn? "Jókòó! Ìyẹn kò sí nínú ìdánwò. Da ìtàn ṣókí tí mo kọ sí ara pátákó kọ."

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, abéèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè ọmọ yìí gan-an ni ilẹ̀kùn ìwé náà. Òǹkọ̀wé ń pè wá sí eré nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni apààlọ́ ń ṣe: kì í bẹ̀rẹ̀ títí agbo yóò fi dá a lóhùn. Ohùn méjì ni ó wà nínú ìtàn nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń di ìwé lójú wa. Ọ̀rọ̀ sì ń gun orí ọ̀rọ̀ nítorí pé etí ni a kọ ọ́ fún. Ọmọ Ìbàràpá tí ó bá ti gbọ́ ìjálá ọdẹ rí yóò mọ̀ ọ́n bí a bá kà á sókè fún un.

Àwọn kan ń wí pé iwin inú rẹ̀ yóò ba ìgbàgbọ́ ọmọdé jẹ́. Ṣé ilé ìtẹ̀wé ìjọ tí ó tẹ̀ ẹ́ kò rí iwin náà ni? Àwọn mìíràn ń wí pé ìdánwò ti dé tán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi ìtàn ṣókí yege lónìí lè má ṣí ìwé Yorùbá mọ́ láéláé. Egungun ni a fún un jẹ, a sì ń retí pé kí ó yin ẹran.

Nítorí náà, kí a fi wákàtí kan nínú ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé kíkà sókè àti fún ìbéèrè, ìbáà ṣe èyí tí olùkọ́ pàápàá kò lè dáhùn. Ní 1963 ni Fágúnwà kú. Ìwé rẹ̀ kò tí ì kú. Àwa tí ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ni ó lè pa á.