A FẸ́ KÍ ỌMỌ ṢERÉ, A FẸ́ KÓ PADÀ SÍLÉ



Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé ni àwọn ọmọ máa ń bi wá léèrè ibi tí a ó mú wọn lọ. Bẹ́ẹ̀, àsìkò ọdún gan-an lọjà máa ń yá jù. Ẹni tó ń ta ata, ẹni tó ń ta adìyẹ, ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé, èwo ló fẹ́ fi ìsọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀? Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó fún ẹ̀gbọ́n wọn lówó, tàbí aládùúgbò, pé kó kó wọn lọ sí páàkì ìṣeré. A ò bá ẹnikẹ́ni wí lórí èyí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ.

Ẹ ò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, 2024. Wọ́n ní kí àwọn ọmọdé wá ṣe fàájì ọdún ní Islamic High School, Baṣọ̀run, wọn á sì gba ẹ̀bùn. Òru ni àwọn òbí mìíràn ti gbé ọmọ débẹ̀. Èrò kún, wọ́n ń ti ara wọn, ọmọ 35 ló kú. Ọmọ márùndínlógójì! Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, èèyàn 22 tún kú l'Ókìjà, mẹ́wàá kú l'Ábújà, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ.

Àwọn kan ní ojúkòkòrò àwọn òbí ló fà á. Àwa ò gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Bí ìrẹsì ṣe gbówó lórí lọ́dún yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá gbọ́ pé wọn ó fún ọmọ òun ní nǹkan, kó wá jókòó sílé? Ẹni tó pe èrò jọ ló yẹ kó ti mọ iye ọmọ tí àyè náà gbà, kó pín nọ́ńbà ṣáájú, kó sì ṣí ju ẹnu ọ̀nà kan lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé níbi tí èrò bá ti fún pọ̀ báyẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n fi tẹ èèyàn ló ń pa á jù. Èémí ni kì í rí ọ̀nà. Tí wọ́n bá fún àyà pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kò ní lè gbòòrò láti gba afẹ́fẹ́, èèyàn lè kú lórí ìdúró. Ọmọ tí kò ga ju ìbàdí àgbà lọ ńkọ́? Tí ẹ bá rí i pé èrò ti ń fara gbún yín níwájú lẹ́yìn, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé ọmọ sókè, ẹ fi ọwọ́ dáàbò bo àyà, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ lọ sí etí èrò. Ẹ má bá wọn ti. Ẹ̀bùn tó bá bọ́, kó bọ́.

Ilé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tí àwọn ọmọ ń pè ní bouncing castle, òun náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó rọ̀, ó lẹ́wà, a rò pé kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, 2021, ní Devonport, ní ìpínlẹ̀ Tasmania ní Ọsirélíà, afẹ́fẹ́ gbé irú rẹ̀ sókè níbi tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣeré. Ọmọ mẹ́fà kú. Ní Harlow, ní Ìlú Ọba, ọmọbìnrin ọdún méje kú bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ sì rán àwọn méjì tó ń bójú tó o lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta mẹ́ta ní 2018. Ìlànà tiwọn níbẹ̀ ni pé ojú ibi tí wọ́n máa dè é mọ́lẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ dín ní mẹ́fà, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ju máìlì 24 ní wákàtí kan, kí gbogbo ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Okùn méjì, òmíràn òkúta ni wọ́n gbé lé e. Ẹ̀yin tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti gbé tapólì orí ìsọ̀ yín lọ rí, ẹ mọ̀ bó ṣe ń ṣe. Ti jẹnẹrétọ̀ tó lè kú lójijì, kí ilé náà wó lé àwọn ọmọ lórí, tún wà níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń sáré lórí irin le ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, 2015, ní Alton Towers, páàkì ńlá kan ní Ìlú Ọba, kọ̀ǹpútà dá ọkọ̀ tó kó èèyàn 16 dúró, torí pé òmíràn tó ṣófo ti há sójú irin níwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé irọ́ ni kọ̀ǹpútà ń pa, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú ọkọ̀ sílẹ̀. Ó lọ kọlu èkejì. Ọ̀dọ́mọbìnrin méjì di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn ni ilé ẹjọ́ ní kí ilé iṣẹ́ náà san lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí fíúsì rẹ̀ jó, tó yọ ọ́, tó fi wáyà so iná?

Lójú gbogbo èyí, ẹnìkan á ṣì wá sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àwa náà ń bẹ Ọlọ́run o, àmọ́ kì í ṣe Ọlọ́run ló yẹ kó kan èèkàn mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi yí àpèjẹ àwọn ọmọ wa padà lọ́dún yìí. Kò sí ẹnu ọ̀nà ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu mọ́. Ọmọ tó bá ní káàdì nìkan ló máa wọlé, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí tirẹ̀, ìyá kan á sì máa mójú tó ọmọ mẹ́wàá. Ẹni tó fẹ́ gbé ilé rọ́bà wá gbọ́dọ̀ fi èèkàn rẹ̀ hàn wá kí ọmọ kankan tó gùn ún. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kó ká a padà. A mọ̀ pé àwọn kan ń kùn pé a fẹ́ fi káàdì lé àlejò sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, a fẹ́ mọ iye ọmọ tó wọlé àti iye tó jáde.

Kí olúkúlùkù lọ kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olórí ìlà rẹ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Lọ́jọ́ náà, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára apá ọmọ, kì í ṣe sórí ìwé tó lè bọ́ nù.