Òkùnkùn Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kì Í Ṣe Àbùkù

Ní ìpàdé ẹbí wa tí a ṣe ní Ayépé Ìjẹ̀bú ní ọdún tí ó kọjá, wọ́n pín kàlẹ́ńdà fún gbogbo ọmọ ilé. Àwòrán ilé bàbá ńlá wa ni ó wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́: ilé olókè kan tí a fi amọ̀ mọ, tí a fi símẹ́ńtì rẹ́, tí ó ní òpó mẹ́rin níwájú, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sì wà láàárín àwọn òpó náà àti ẹnu ọ̀nà. Ìyá kan tí a bí sínú ilé náà, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gba kàlẹ́ńdà náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó wá béèrè pé: "Ilé ta nìyí?" A rẹ́rìn-ín. A rò pé ojú ìyá ni ó ti di bàìbàì. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi náà wo àwòrán náà dáradára, mo rí i pé kì í ṣe ojú ìyá ni ó ní àbùkù.

Sánmà inú àwòrán náà rí bí ẹni pé wọ́n fi búlúù ìfọṣọ rẹ ẹ́. Páànù tí ó ti dógùn-ún láti ọdún gbọ́nhan ń dán bí owó tuntun. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan yí etí òrùlé ká, bí èyí tí a máa ń rí lára orí àwọn ẹni mímọ́ nínú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ kan tí ó ń kọjá lọ níwájú ilé ti di olórí méjì. Èyí tí ó burú jù lọ ni pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere bí ìta gbangba. Kò sí òjìji lẹ́sẹ̀ òpó kankan. Ilé inú àlá ni wọ́n fi hàn wá. Kì í ṣe ilé Ayépé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò ni ó ya àwòrán náà. Mo pè é sẹ́yìn, mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, Bàbá. Kámẹ́rà kò lè rí ìta àti inú lẹ́ẹ̀kan náà bí ojú wa. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ya ilé náà, mo sì da márààrún pọ̀."

Òtítọ́ ni ó sọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn kí n tó bá a jà. Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè bá wa lọ, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ayàwòrán á gbé kámẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí ó má baà mì. Á ya ibì kan náà léraléra, ṣùgbọ́n á máa yí iye àkókò tí kámẹ́rà fi la ojú padà: ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú àáyá, ìdá kan nínú 500, ìdá kan nínú 125, ìdá kan nínú 30, ìdá kan nínú 8. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá sún un báyìí, ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin ti ìṣáájú. Nínú èyí àkọ́kọ́, sánmà á yọ dáradára pẹ̀lú ìkùukùu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dúdú bí kóró iṣin. Nínú èyí ìkẹyìn, a ó rí àga, ìlẹ̀kùn àti igun ògiri inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n sánmà á ti funfun báláú. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò mú sánmà láti inú ọ̀kan, ògiri láti inú òmíràn, inú ilé láti inú ẹ̀kẹta, yóò sì sọ wọ́n di ẹyọ kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà kan wà nínú iṣẹ́ fọ́tò tí wọ́n ń pariwo pé irọ́ ni èyí, pé àwòrán tí kámẹ́rà yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìkan ni òtítọ́. N kò gbà fún wọn. Fíìmù sláìdì tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi kọ́ṣẹ́ kò lè gbà ju kí ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù fi nǹkan bí ìlọ́po 32 ju ibi tí ó ṣókùnkùn jù lọ, kí ó tó sọ ọ̀kan di funfun tàbí kí ó sọ èkejì di dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ wa lè fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ìmọ́lẹ̀ inú yàrá lọ. Ta ni ó dúró níwájú ilé rí ní Ayépé tí ó rí ihò dúdú ní ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí? Ojú ènìyàn kì í dúró sójú kan: bí ó bá wo sánmà, á ká ara rẹ̀ jọ, bí ó bá wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á la ara rẹ̀ sílẹ̀, ọkàn ni yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ojú tìkára rẹ̀ ti ń da àwòrán pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe kámẹ́rà.

Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ohun àná. Ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1856 sí 1857, Gustave Le Gray fi nẹ́gátíìfù méjì ya òkun, ọ̀kan fún omi, èkejì fún sánmà, ó sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ìwé kan. Ní ọdún 1997, Paul Debevec àti Jitendra Malik fi ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà ka iye ìmọ́lẹ̀ láti inú irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn fún ayé. Ní ọdún 2005, ọgbọ́n náà wọ inú Photoshop, ó sì di ohun tí ọmọdé lè fi ìka kan ṣe.

Àwa náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán Yorùbá, pàápàá àwọn ti Ìlá Ọ̀ràngún. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tí ìkejì rẹ̀ ti kú: wọn á ya èyí tí ó wà láàyè, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ tí ó kù á wọ aṣọ ọkùnrin, á tún wọ aṣọ obìnrin. Ta ni yóò pe ìyẹn ní irọ́? Ìyá ọmọ mọ̀, ará ilé mọ̀, ayàwòrán pẹ̀lú mọ̀. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ. Òfin iṣẹ́ náà nìyẹn: àdàpọ̀ kì í ṣe irọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ń wò ó bá mọ ohun tí a dà pọ̀ àti ìdí tí a fi dà á pọ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò sí nínú pé ó da àwòrán pọ̀. Ó wà nínú pé ó pa òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ẹni tí ó kọ́ ilé yẹn ń kọ́? Àwa rò pé ògiri ni. Ibòòji ni. Ó fa òrùlé síwájú kí oòrùn ọ̀sán má baà dé ara ìlẹ̀kùn. Ó gbé òpó dúró kí òrùlé náà lè rí nǹkan fara tì. Ó jẹ́ kí fèrèsé kéré kí yàrá lè tutù. Nínú ibòòji yẹn ni wọ́n ti ń ta ayò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó wọ pálọ̀. Ẹni tí ó bá ya irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó wá fọ ibòòji rẹ̀ nù, ó ti ya ìpákó, ó ti gé orí sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń ṣe àsọdùn, kí ó lọ sí Òkè-Èrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí yàrà ńlá tí a ń pè ní Erédò Súngbọ́ wà. Yàrà náà àti odi rẹ̀ yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, àwọn ibì kan sì wà tí ó ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ènìyàn bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, igbó á bo orí rẹ̀, sánmà á sì dà bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè. Òkùnkùn ìsàlẹ̀ yẹn ni ó ń sọ fún ojú pé ibẹ̀ jìn. Ẹ da àwòrán márùn-ún pọ̀ níbẹ̀ títí ìsàlẹ̀ yóò fi mọ́lẹ̀ bí òkè, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ńlá àwọn baba wa á di gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìdáhùn kan tí ó wọ̀ mí lára. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń ya ilé wa ní dúdú, bí ihò àpáta, kí ayé lè máa káàánú wa. Òun fẹ́ kí ilé wa máa tàn. Mo mọ ohun tí ó ń dun ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ihò dúdú àti ẹni tí ó tan iná sí i bí ilé ìtajà, ohun kan náà ni wọ́n gbà gbọ́: pé ibòòji jẹ́ àmì òṣì. Àwa tí a jókòó nínú rẹ̀ ní ọ̀sán oṣù kejì mọ̀ pé ọrọ̀ ni. Kò yẹ kí a gba ìtìjú tí kì í ṣe tiwa.

Ohun mìíràn ṣì wà. Ìwé kàlẹ́ńdà kò lágbára bí oòrùn. Ibi tí ó funfun jù lọ lára ìwé kì í fi púpọ̀ ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mọ́lẹ̀ ju ibi tí ó dúdú jù lọ lára rẹ̀. Nítorí náà, yálà a ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, a gbọ́dọ̀ fún ìmọ́lẹ̀ ayé pọ̀ kí ó tó lè gba inú ìwé kọjá. Yíyàn ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a yan bí ọmọ onílé. Ohun tí ó ṣókùnkùn ju èkejì lọ nínú ilé, kí ó ṣókùnkùn jù ú lọ nínú àwòrán náà. Kí a má ṣe mú sánmà ọjọ́ mìíràn wá bo ilé tí a yà nígbà ọyẹ́. Kí a má ṣe da àwọn àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ nù, kí a sì kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán pé àdàpọ̀ ni.

Kí ni ó dé tí mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà gẹ̀gẹ̀ báyìí? Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé Ìlọ́jọ̀, tí ó wà ní gbàgede Tinúbú ní Èkó. Ọdún 1855 ni a kọ́ ilé àwọn Àgùdà yìí, ìjọba sì ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956. Òfin kò gbà á sílẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ inú rẹ̀, àwòrán nìkan ni yóò bi. Ilé tiwa ní Ayépé kò ní òfin kankan tí ó dáàbò bò ó. Ní ìpàdé tí wọ́n ti pín kàlẹ́ńdà náà gan-an ni ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan pé a ó wó o, a ó sì kọ́ ilé ìgbàlódé sí ojú ibẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò gba ohun tí àwòrán bá sọ fún wọn gbọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò da àwọn àwòrán márààrún nù, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Mo ní kí ó tún wọn dà pọ̀. Ó fi sánmà sílẹ̀ ní funfun rẹ́súrẹ́sú bí ó ti wà lọ́jọ́ náà, ó dá òjìji àwọn òpó padà, ó sì jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn níwọ̀nba, tí ojú fi lè rìn wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A gbé e lọ fún ìyá. Kò béèrè ilé ta ni. Ó gbé ìka lé igun tí ó dúdú jù lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, níbi tí a kò ti rí nǹkan kan, ó ní: "Ibí ni àmù máa ń wà. Omi rẹ̀ kì í gbóná láé."