Ẹ Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Dájọ́

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ọmọ ìyá ẹni ṣe kọ́ ló ń tú ilé ká. Ìtumọ̀ tí a fún un ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìyá wà nílé ìwòsàn n'Íbàdàn. Àbúrò obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ fi iye owó tí wọ́n ní kí wọ́n san ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n lórí WhatsApp. Àmì méjèèjì di aláwọ̀ búlúù: bọ̀dá ti kà á. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, bọ̀dá ò fèsì. Kó tó di ọ̀sán, àbúrò ti parí ọ̀rọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀: "Wọn ò ka Màámi sí mọ́. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ṣe báyìí." Ló bá gbé e sórí gúrúùpù ẹbí, tòun tèébú. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òru ni bọ̀dá wà nígbà tó ka iye owó náà. Owó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ àpò rẹ̀ ni, ojú sì ń tì í láti sọ pé kò sí lọ́wọ́. Ohun tó wá sí òun náà lọ́kàn ni pé: "Owó mi nìkan ni wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo jẹun." Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ìyá wọn, àwọn méjèèjì sì ti dá ara wọn lẹ́bi láìbéèrè.

Irú èrò tó máa ń já wọlé láìkanlẹ̀kùn báyìí ni Aaron Beck, oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, kíyè sí lára àwọn aláìsàn tí ìbànújẹ́ dè mọ́lẹ̀, ní àwọn ọdún 1960. Ó rí i pé bí èèyàn bá mú èrò náà, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì wá ẹ̀rí rẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ìwà náà á sì yí padà. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT (cognitive behavioural therapy) ti gbilẹ̀. Lọ́dún 1988, Beck kọ ìwé Love Is Never Enough fún tọkọtaya. Ó ṣàlàyé pé ìfẹ́ nìkan ò lè gbé ilé dúró bí àwọn méjì bá ń túmọ̀ ara wọn sódì.

Ohun tí ìtọ́jú yìí ń béèrè ṣe é ṣe nílé. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: "Wọ́n ka iṣẹ́ tí mo rán, wọn ò tíì fèsì." Ẹ kọ ohun tí ẹ rò sábẹ́ rẹ̀. Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Kí ló tún lè fà á? Bí "gbogbo ìgbà" bá wà níbẹ̀, ẹ rántí ìgbà tí kò rí bẹ́ẹ̀: ta ló san owó iléèwé àbíkẹ́yìn? Lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè: "Bọ̀dá mi, ẹ̀rù ń bà mí nítorí Màámi. Mo rí i pé ẹ ti ka iṣẹ́ tí mo rán. Ṣé kò sí nǹkan lọ́dọ̀ yín?" Irú ìbéèrè yìí á fún bọ̀dá láyè láti sọ òótọ́ tó ń tì í lójú.

Àwọn kan á ní àwa náà ní àgbà tó ń parí ìjà. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí àṣà náà kú. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ilé, a á wá ẹni tó jẹ̀bi, a á ní kí àbúrò kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa á sì túká. Èrò tó dá ìjà sílẹ̀ ṣì wà níkùn. Àgbà ló sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí òfin yìí mú ẹjọ́ tí a ń dá nínú ọkàn wa náà, níbi tí ẹni tó pẹjọ́ ti ń jẹ́rìí, tó tún ń dájọ́. Mo bẹ ẹ̀yin olórí ẹbí: kí ẹ tó sọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Kí lo rò pé ẹnìkejì rẹ ní lọ́kàn?" Kí ẹnìkejì sì tún ohun tó gbọ́ sọ kó tó fèsì, títí ẹni tó sọ ọ́ á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo wí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí ní ààlà o. Bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé, ẹ má ṣe ní kí ẹni tí wọ́n ń lù lọ tún èrò rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú ewu. Bí ìjà bá sì ti di àìsùn àti ìbànújẹ́ tí kò lọ, ẹ wá oníṣègùn, kí ẹ má jẹ́ kí ìtìjú orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò dí yín lọ́nà.

Ní ti ìjà ojoojúmọ́, ẹni tí ẹ ń bínú sí lónìí, ẹ pè é kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ bi í ní ìbéèrè tí ẹ ti ń dáhùn fún un lọ́kàn yín láti ọjọ́ yìí.